Sẹ́kọ́ńdì Méjì fún Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Ní àdúgbò náà, bí fóònù èèyàn bá bọ́ sómi, bó bá jábọ́ láti orí àtẹ̀gùn, tàbí tí ọmọ ọdún méjì bá sọ ọ́ di òòlù, ọ̀dọ̀ Dókítà ni wọ́n ń gbé e lọ. Dókítà kò fìgbà kan fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá ti yẹ fóònù wò tán, á mí kanlẹ̀, á ní, "A óò sa gbogbo ipá wa." Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúró bí òpó ni. Ó lè fi ẹ̀mú gbé irin tí kò tó orí èèrà lábẹ́ gíláàsì, kó sì máa bá oníbàárà jiyàn bọ́ọ̀lù lọ, ọwọ́ náà kò ní mì. Ọwọ́ yìí ló fi ń yangàn. Ọwọ́ yìí náà ló sì ṣì í lọ́nà.

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ogójì ọdún ló sì ti fi gé aṣọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wọn ejìká oníbàárà lọ́wọ́ ni téèpù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọmọọṣẹ́ tó fẹ́ rí i fín. Kó tó bá a wí, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ lọ́sibítù, ó sì padà délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń wọ́, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àti ẹnu tó pé pérépéré. Ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́ gidigidi. Ó kàn ní ká má purọ́, bí wọ́n bá ní kóun yan èyí tó yẹ kó sinmi díẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ kọ́ lòun ì bá yàn.

Ní ọsibítù náà, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín ló ń ran àwọn tí iṣan ara wọn ti gbàgbé iṣẹ́ lọ́wọ́ láti rántí. Ó gbà kí Dókítà ká òun sínú fídíò, ogójì ìṣẹ́jú gbáko: ti ẹsẹ̀ ṣáájú, ti ọwọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. "Ọwọ́ tí a kò bá lò lásìkò yìí," ó ní, "ó máa ń ṣòro láti jí tó bá yá." Bàbá sọ ọ́ ní Sájẹ́ńtì lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó fọwọ́ òsì tọ́ka sí máṣínnì rẹ̀ tí wọ́n ti tì mọ́ ògiri.

"Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí mi ò lè fi ṣísọ́ọ̀sì gé ọ̀pá aṣọ kan lójú ìlà, ẹ gbé e fún ẹni tó máa lò ó. Mi ò ní máa wo òkú iṣẹ́ mi lójoojúmọ́."



Dókítà gbé fídíò náà sórí fóònù kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì fi áàpù tó fẹ́ràn jù wò ó. Áàpù yìí yà á lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Kò sí fídíò tí kì í gbé jáde, kódà lórí fóònù tí àwọn tó ṣe é gan-an ti gbàgbé. Àwọn tó ń tọ́jú áàpù náà kì í gbowó, wọn kì í polówó ọjà, wọn kì í béèrè orúkọ ìyá ẹni. Dókítà kì í ṣe ọmọ àná. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fi ọwọ́ kan fún ọ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ kejì ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi wá ọwọ́ kejì yẹn. Kò rí i.

Àmọ́ áàpù náà kò fẹ́ kí ohunkóhun bo àwòrán, nítorí náà ìka lèèyàn fi ń darí rẹ̀. Fa ìka sókè lápá òsì, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀. Fà á lápá ọ̀tún, ohùn á ròkè. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, fídíò á fò síwájú. Adùn ni fún ọwọ́ tó dúró. Bàbá fọwọ́ kàn án pé kí Sájẹ́ńtì dúró de òun: ojú fóònù ṣókùnkùn, ohùn bú jáde, Sájẹ́ńtì tó ń gbé ẹsẹ̀ òsì sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń dágbére.

"Ó ti lọ!" Bàbá ní. "Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ tẹnu mi."

"Bàbá, ẹ ò lè máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni?"

"Bí mo bá lè tẹ nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́, kí ni mo fẹ́ fi Sájẹ́ńtì ṣe?"

Dókítà kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú áàpù náà. Wọ́n ní ojúde kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo iṣẹ́ wọn wà, tọmọdé tàgbà lè wọlé wò ó. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi bọ́tìnnì ńlá kan sí àárín, nítorí bàbá òun. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ẹnì kan tó fi àwòrán ìgbín ṣojú ara rẹ̀ ti fèsì. Ìgbín kí i dáadáa, ó bá a dárò bàbá, ó sì ní rárá. Àwòrán lèèyàn wá wò, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sì ń bo nǹkan kan. Ẹnì kan ti béèrè irú rẹ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kó lọ ka ohun tí wọ́n sọ nígbà náà. "Ṣùgbọ́n gbogbo inú áàpù yìí ṣí sílẹ̀," ló fi parí rẹ̀. "Mú un, kí o tún un ṣe bó ṣe máa bá bàbá rẹ mu."

Ìbínú ni Dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Kò pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fi là sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn èèyàn tí kò ríra wọn rí fi jiyàn lórí ohun tí kò tóbi ju èékánná lọ! Ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú àwọn àríyànjiyàn mìíràn. Ẹnì kan ní kí ẹ̀rọ inú fóònù fúnra rẹ̀ máa tú fídíò sí àwòrán, kí bátìrì má baà tètè kú. Èkejì ní ẹ̀rọ inú fóònù kò mọ gbogbo irú fídíò, kí áàpù máa tú u fúnra rẹ̀, bí bátìrì bá kú kó kú. Ẹnì kan ní kí wọ́n pa àwọn fóònù àtijọ́ tì, kí iṣẹ́ lè fúyẹ́. Ẹnì kan dáhùn pé mọ́kànlá irú rẹ̀ ni iléèwé ìyá òun ń lò. Wọ́n sì gbé ẹrù wíwúwo náà padà sórí, nítorí fóònù mọ́kànlá tí wọn kò ní fojú rí láéláé.

Oníbàárà kan tó ti ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù wúkọ́. "Dókítà, ṣé fóònù mi ti kú ni?"

"Kò kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà."

Láti ọdún mélòó kan ló ti ń kọ́ ara rẹ̀ ní kóòdù, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù, kó lè máa fi yẹ fóònù wò. Ó ṣí inú áàpù náà, ó fi bọ́tìnnì ńlá rẹ̀ sí i, ó gbé e fún bàbá rẹ̀. Bàbá wò ó títí.

"Nǹkan yìí ti bo orúnkún Sájẹ́ńtì. Orúnkún yẹn ni mo sì ń wò." Ó mi orí. "Àpò lo rán sí i. Oníbàárà á ní fi àpò síbí, fi àpò sọ́hùn-ún. Tí àpò bá di mẹ́fà lára ṣòkòtò kan, ìwọ ṣáà wò ó bó ṣe máa rìn."

Ohun tí Ìgbín sọ gan-an nìyẹn, láì jẹ́ pé Ìgbín mọ òkè ṣòkòtò yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Dókítà yọ bọ́tìnnì náà. Ó sọ gbogbo ojú fóònù di ohun kan ṣoṣo: fọwọ́ kàn án níbikíbi, fídíò á dúró, tún fọwọ́ kàn án, á máa lọ. Kò sí fífò síwájú mọ́, kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ohùn. Ó dán an wò nígbà ọgọ́rùn-ún. Kò ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Bàbá fọwọ́ kàn án, Sájẹ́ńtì ṣẹ́jú, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni," Dókítà ní.

Bàbá da fóònù náà dojú bolẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi ṣe ìdárayá kankan, ọ̀sẹ̀ kẹta sì ti ń parí lọ. Ìyá ló wá bá Dókítà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ọwọ́ ta lo fi dán nǹkan ọ̀hún wò?"

"Ọwọ́ mi ni, Ìyá."

"Ọwọ́ tó lè so okùn mọ́ èèrà lẹ́sẹ̀. O ṣeun."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ bẹ bàbá rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ní kó máa fọwọ́ kan tábìlì, òun á máa wo aago. Ìgbà náà ló tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìka náà kì í kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni: dúró, máa lọ, dúró, máa lọ. Láti ìgbà àkọ́kọ́ títí tí ọwọ́ á fi rọlẹ̀, kò pé sẹ́kọ́ńdì méjì. Ìlà kóòdù mẹ́fà ló kọ: bí ọwọ́ bá ti kan ojú fóònù, kí áàpù má ka ohun tó bá tún kàn án kí sẹ́kọ́ńdì méjì tó pé.

Bàbá fọwọ́ kàn án. Sájẹ́ńtì dúró gbọnyin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lókè.

"Hẹ̀n-ẹ́n," Bàbá ní. "Dúró bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó o ti ń dà mí láàmú."

Àléébù kan ṣoṣo ló kù: fídíò náà kò lè fò síwájú mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Bàbá ti ń dọ́gbọ́n fo ìdárayá jíjókòó àti dídìde láti ọjọ́ kìíní. Ìyá ní nínú gbogbo ohun tí ọmọ òun yọ kúrò nínú áàpù náà, èyí ló wúlò jù.

Dókítà fi ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ sí ojúde náà. Ìgbín bi í pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ sẹ́kọ́ńdì méjì?" Ó dáhùn pé, "Bí ọwọ́ bàbá mi ṣe rí nìyẹn." Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan kọ ọ́ pé ti ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ń gbà tó mẹ́ta. Ọkùnrin kan ní tòun jẹ́ ẹyọ kan láàárọ̀, ó ń di méjì ààbọ̀ nírọ̀lẹ́. Òmíràn tún dé, òmíràn tún dé. Wọ́n fẹnu kò pé kí oníkálukú máa yan iye tirẹ̀, kí ó fara sin sí ibi tí a ti ń ṣètò áàpù, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró má baà pàdánù ohunkóhun. Ìgbín tó ti kọ́kọ́ sọ pé rárá ló jókòó kọ apá yẹn. Ó tún yẹ ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, ó sì rí àṣìṣe kan: béèyàn bá yí fóònù nàró kí sẹ́kọ́ńdì méjì tó pé, áàpù á gbàgbé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí ka ọwọ́. Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. Láti ẹ̀yìn òkun wo ni ẹni náà ti rí i?

Ó sáré lọ sọ fún bàbá rẹ̀.

"Àwọn wo ni wọ́n?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Bàbá."

"Wọ́n mọ̀ mí?"

"Wọ́n mọ bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló ní irú rẹ̀ nílé."

Bàbá gbé ọwọ́ náà sórí itan, ó ń wò ó bí àlejò pàtàkì. Ó wò ó títí tí Ìyá fi yọjú láti inú yàrá pé kí ló ṣe é.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ pé, Sájẹ́ńtì wò ó lọ́sibítù, ó kọ nǹkan sínú ìwé, kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ní ìwé yẹn kò kan òun. Ó délé, ó tẹ́ ọ̀pá aṣọ kan sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó mú ṣísọ́ọ̀sì. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í mì, ki méjèèjì bọ àpò. Ṣísọ́ọ̀sì wọ aṣọ, ó rìn, ó yà díẹ̀, ó padà sójú ọ̀nà, ó tún rìn, títí aṣọ fi pín sí méjì.

Bàbá gbé etí aṣọ náà sókè wò sí ìmọ́lẹ̀. Kò gún régé lójú rẹ̀.

"Ta ló fa ìlà yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ìlà ló wọ́. Ṣísọ́ọ̀sì kò jẹ̀bi." Ó tún mú ṣísọ́ọ̀sì náà. "Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ dúró ń wò? Ẹ gbé máṣínnì yẹn kúrò lára ògiri, ẹ gbé e wá síwájú fèrèsé."