Bátìrì Tí Kì í Kú Lójú Oníwáráńtì

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò ju kó gbé ìyàwó lọ síbi ìgbéyàwó lọ. Kì í gbé ẹrù, kì í gbé èrò, kódà kì í gbé ọkọ ìyàwó, torí ó ní wọn a máa jókòó lé aṣọ ìyàwó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ funfun, ó gùn, ó sì ti dàgbà, àmọ́ bó ṣe ń dán tó, èèyàn lè dúró tì í kó fi ara rẹ̀ ṣe dígí fá irùngbọ̀n. Bó ṣe ń wà á ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbá Jẹ́jẹ́. Àtíkè kì í gbọ̀n dànù lójú ìyàwó tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó bá há sẹ́yìn rẹ̀ lójú pópó a fọn fèrè títí, wọn a bú u, kò ní dá wọn lóhùn, kò sì ní yà fún wọn.

Ìyàwó rẹ̀ nílé kò pe ọkọ̀ náà ní orúkọ méjì ju "orogún mi" lọ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé ọkùnrin náà, kò fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu òun lẹ́yìn rí bó ṣe ń ṣe fún orogún òun láràárọ̀.

Ohun tó mú Bàbá Jẹ́jẹ́ yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni fáànù kan báyìí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó dè é mọ́ ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn, ó ta léèsì bò ó, ó sì fa wáyà rẹ̀ lọ tààrà sórí bátìrì, kó lè máa fẹ́ ìyàwó lọ́rùn bí wọ́n bá tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Kì í dún rárá. Gbogbo ìyàwó tó ti gbé ló ṣàdúrà fún un lórí fáànù yìí, orí rẹ̀ sì ń wú. Lálẹ́, bó bá gbé ọkọ̀ wọ gáréèjì, kì í pa á. Ó ní kó máa fẹ́ àga, torí kò sí ìyàwó tó fẹ́ gbóòórùn òógùn ìyàwó àná.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ra bátìrì tuntun ní ilé ìtajà ńlá kan. Wọ́n fún un ní wáráńtì: bí bátìrì náà bá ṣàìsàn, wọn yóò gba ti àìsàn, wọn yóò fún un ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá ṣáà ti so nǹkan àjèjì mọ́ ọn. Bàbá Jẹ́jẹ́ gbé e wálé pẹ̀lú ìdùnnú. Kò pẹ́ rárá tí bátìrì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tílẹ̀ bá ti mọ́, á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á ní "ká!", á dákẹ́. Á tún un yí, kò tiẹ̀ ní dún mọ́. Á wá lọ kanlẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni télọ̀ kan, pé kó dákun kó wá fi ọkọ̀ tirẹ̀ jí i.

Gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́ àṣírí gáréèjì. Ọjọ́ tó wá di ìtìjú gbangba, ìyàwó kan ló gbé. Wọ́n dúró lọ́dọ̀ ayàwòrán kí wọ́n lè ya ìyàwó ní fọ́tò, Bàbá Jẹ́jẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, ìyàwó sì jókòó pẹ̀lú fáànù rẹ̀ títí ó fi kàn án. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán, ọkọ̀ ò jí. Wọ́n tì í, wọ́n tì í, bàtà ọ̀rẹ́ ìyàwó já. Nígbẹ̀yìn, ọkọ̀ búrẹ́dì tó ń kọjá ló ṣàánú wọn, tó gbé ìyàwó lọ. Wọ́n ní ìgbà tí ìyàwó náà wọlé tòun ti òórùn búrẹ́dì, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn bóyá oúnjẹ ti dé.

Ọ̀rọ̀ náà délé ṣáájú Bàbá Jẹ́jẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì ni, ìgbéyàwó tirẹ̀ náà sì ti kù dẹ̀dẹ̀. Ó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ jẹun tán kó tó la ẹnu.

"Bàámi, ẹ má bínú. Mo ti bá ọlọ́kọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀."

"Ọlọ́kọ̀ wo?"

"Ọ̀kan tí ọkọ̀ ẹ̀ ń rìn ni, sà."

Ó dùn ún wọra. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń jókòó lórí ìrọ̀rí kí ojú rẹ̀ lè tó fèrèsé ni ó ti ń sọ fún un pé, "Ọjọ́ tìrẹ, èmi ni màá gbé ọ." Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ tó ń gbé káàkiri, bíi pé ó ń fi wọ́n kọ́ṣẹ́ de ọjọ́ náà ni. Òun náà ni wọ́n wá ń bá ọlọ́kọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀ sí lórí!

"Bí mo bá gba bátìrì mìíràn ńkọ́?"

Ọmọ náà rò ó wò. "Tí ọkọ̀ yẹn bá fi lè ń jí láràárọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, láìsí pé ẹ lọ pe bọ̀dá télọ̀, màá dá ọlọ́kọ̀ yẹn dúró."

Bàbá Jẹ́jẹ́ kò sùn lé e. Lọ́jọ́ kejì, kó tó gbọ̀nà ilé ìtajà, ó tú wáyà fáànù, ó sì ti fáànù bọ abẹ́ ibùsùn. Ẹ má rò pé ó fẹ́ rẹ́ wọn jẹ o. Lójú tirẹ̀, fáànù tí kò lè fẹ́ fìtílà pa kò lè pa bátìrì. Kò kàn fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọn yóò fi ṣàwáwí ni.

Obìnrin tó wà nídìí wáráńtì wọ awò ojú, ó sì ní sùúrù. Ó gbé ẹ̀rọ lé bátìrì, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú bàbá.

"Bàbá, bátìrì yín yè kooro."

"Yè kooro bí i ti báwo? Ó kú láàárọ̀ yìí!"

"Kí ló wá gbé yín débí?"

"Òun náà ni."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Jẹ́jẹ́ fi ojú gbá wọn, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ọmọ rere. Ó délé, ó dá fáànù padà sáyè rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, "ká!", ó di òkú.

Ìgbà kejì tó lọ, ó tún ti fáànù bọ abẹ́ ibùsùn, ó sì mú ẹlẹ́rìí dání. Télọ̀ fi ọwọ́ sọ̀yà níwájú obìnrin náà pé òun fi ojú òun méjèèjì rí òkú bátìrì yìí, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún òun. Ẹ̀rọ ní irọ́ ni, bátìrì le bí òkúta.

"Bàbá, ṣé ẹ ò so nǹkan kan mọ́ ọn ṣá?"

"Kí ni mo fẹ́ so mọ́ ọn, ìyáàfin? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò!" Bí inú Bàbá Jẹ́jẹ́ bá dùn, "ọmọ mi" ló ń pe èèyàn. Bí ó bá ti di "ìyáàfin", kí olúwarẹ̀ yáa ṣọ́ra.

Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, kò rí nǹkan kan. Ó wá ní kó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì nínú ọgbà àwọn, pé bí ó bá kú mọ́ àwọn lọ́wọ́, òun fúnra òun yóò gbé tuntun fún un. Bàbá Jẹ́jẹ́ gbà. Ó wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń gbàdúrà kí bátìrì òun kú. Ẹ gbọ́ irú àdúrà!

Bátìrì ò kú. Nígbà tó padà débẹ̀ láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló jáde wá wòran. Obìnrin náà fi ìka méjì péré yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì wo bátìrì náà bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó ń ba nǹkan jẹ́ nílé tó sì ń ká ọwọ́ lẹ́rán níwájú olùkọ́.

"Alárékérekè!" ló wí fún un.

"Bàbá," obìnrin náà ní, "àfi bó bá jẹ́ pé ilé yín ni kò wù ú. Ẹ máa gbé e lọ ná. Màá pè yín lọ́la kí n gbọ́ bó ṣe jí."

Ó gbé e délé tìbínú-tìbínú, ó nu ọkọ̀, ó sì so fáànù padà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ wọ gáréèjì wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá gèlè ìgbéyàwó òun kò ní kan òrùlé ọkọ̀, torí pé lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ṣì wà lára ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn, ó na ọrùn. Bàbá rẹ̀ dúró síta, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàámi, atẹ́gùn wo nìyí?"

"Fáànù mi ni," Bàbá Jẹ́jẹ́ dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga.

"Ta ló tàn án?"

"Tàn án bí i ti báwo? Àtàná ni. Ṣé mo ń pa á ni?"

Ọmọ náà ká léèsì sókè, ó wo fáànù, ó fi ojú tọ wáyà rẹ̀ lọ títí.

"Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbátìrì, ó máa ń wà níbí yìí?"

"Rárá, mo máa ń tú u..." Ojú bàbá náà tọ wáyà lọ.

"Bàámi! Tí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin náà láti alẹ́ mọ́jú, ṣé ẹ máa jí?"

Ẹ̀rín mú ọmọ náà, kò sì fẹ́ tú u sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di àga mú, ìyá rẹ̀ sáré jáde wá pẹ̀lú síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ló dé. Ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un lọ́wọ́ ni fóònù dún, tí obìnrin wáráńtì sì ń béèrè bóyá bátìrì jí.

"Ara rẹ̀ ti yá, ọmọ mi," ni Bàbá Jẹ́jẹ́ sọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ọmọ rẹ̀ gba fóònù, ó sì ro gbogbo rẹ̀ pátá fún obìnrin náà, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Gbogbo gáréèjì ló gbọ́ bí ìyẹn ṣe ń rẹ́rìn-ín níbi tó wà. Nígbà tó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé bátìrì ló yè o. Wáráńtì ló kú."

Ojú ti Bàbá Jẹ́jẹ́ débi pé ó tún ọkọ̀ mímọ́ fọ̀. Àmọ́ láti alẹ́ ọjọ́ náà ló ti ń pa fáànù kó tó wọlé sùn, ọkọ̀ sì ń jí. Láràárọ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, tí ń tẹ́tí sí i. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ó pe ọlọ́kọ̀ kejì, ó ní kó máà bínú.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dé. Ìyá ti bá télọ̀ lọ ṣáájú, ó ní òun kò lè bá orogún jókòó lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ òun. Bàbá Jẹ́jẹ́ wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé ẹlẹ́sẹ̀ kọjá wọn. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ nínú dígí, ó ń wo ọ̀nà, ó tún ń wo dígí. Kò sí ohun tó kù tí ó fẹ́ láyé ju kí ọ̀nà náà gùn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn kò bá fẹ́ dé kì í jìnnà. Wọ́n dé iwájú gbọ̀ngàn. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ìṣe rẹ̀ ni pé á ti bọ́ sílẹ̀, á ti ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kúrò lójú kan. Ọmọ rẹ̀ náà kò kúrò lójú kan. Fáànù ń fẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Bàámi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi náà," ló wí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ọkọ ìyàwó rí i pé wọn kò sọ̀ kalẹ̀, ó sáré wá, ó tẹ orí ba sójú fèrèsé pẹ̀lú ìbẹ̀rù lójú.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà. Ṣé kò sí wàhálà? Àbí ọkọ̀ ti kú ni?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ ti bá èèyàn jà lórí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ nínú dígí lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó ti kú o, ọmọ mi," ló sọ. "Bátìrì náà ni. Ẹ padà lọ jókòó ná."

Ó sì yí gíláàsì fèrèsé náà sókè.