Kò Séwu, Sà

Mo rántí ohùn wa ju bọ́ọ̀lù tí a gbá lọ. Lórí pápá oníyanrìn kan ní Lakowe, níbi tí àwa ọmọbìnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé-ìwé, bí kóòṣì wa bá ti bi wá pé, "Ṣé kò séwu?" gbogbo wa á kúnlẹ̀, a ó sì dáhùn pé, "Kò séwu, sà!" Ohùn tèmi ló máa ń ròkè jù. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, orí mi a sì máa wú.

Kóòṣì kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n kàn gbà pé ọmọdé ò ní ọ̀rọ̀ gidi kan lẹ́nu ni. "Ẹsẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ gbé wá," wọ́n á ní, "ẹ fi ẹnu sílẹ̀ sílé fún màmá yín." A máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, aṣọ́lé wa fò mú bọ́ọ̀lù, ó fọwọ́ gbá òpó. Nígbà ìsinmi, kóòṣì bi wá, aṣọ́lé náà kúnlẹ̀, ó dáhùn pẹ̀lú wa. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ títí fèrè fi dún. A borí! Kóòṣì ní kí àwọn bọ aṣọ́lé lọ́wọ́, ni ọmọ náà bá figbe ta. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ò ṣeé bọ́; sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e. Háà! Ọwọ́ ti wú bẹ̀m̀bẹ̀, ìka kan ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí ló dé tó ò sọ?" kóòṣì bi í.

"Ẹ ní ká fi ẹnu sílẹ̀ sílé, sà."

Kò fi ṣe àfojúdi rárá. Kóòṣì jókòó sórí yanrìn, wọ́n fọwọ́ bojú. A ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbà ò wọ akèrègbè. Ìdajì òwe yẹn nìkan ni kóòṣì ti ń lò fún wa látọjọ́ yìí.

Nígbà tí a tún pàdé, wọ́n ń bi wá níkọ̀ọ̀kan bóyá ibì kan ń dùn wá. Ó kan èmi olóhùn gooro, ọ̀rọ̀ kan ò jáde.

Aṣọ́lé yẹn ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù l'Ájah báyìí. Ìka yẹn ò nà mọ́. Mo mú ọmọ mi lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Aṣọ́lé bi àwọn ọmọ náà pé, "Ṣé kò séwu?" Wọ́n kígbe pé, "Kò séwu, àǹtí!" Ohùn ọmọ mi ló ròkè jù. Mo yára wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Aṣọ́lé wò mí, ó wo ọmọ náà, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

"Bọ́ bàtà ẹ, jẹ́ n rí i."