Ọmọ Tí Kò Jẹun Lọ́wọ́ Bàbá Rẹ̀

Gbogbo ará Àgbádárìgì ló mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ, àfi èmi tí mo bí i. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ìlú náà nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ọ̀nà ọjà.

Ìyàwó mi ló gbé wa débẹ̀. Ó ríṣẹ́ olùkọ́ ní Òtò, irú iṣẹ́ tó ti ń wá láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, a sì kó láti Ìlọrin wá gba ilé oníyàrá méjì ní Ìbẹrẹkò. Iṣẹ́ tèmi, orí kọ̀ǹpútà ni. Mò ń yàwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, níbikíbi tí iná bá sì wà ni mo ti lè ṣe é. Lójú àwọn ará àdúgbò, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé mi ò níṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi wá fẹnu kò pé èmi ni n ó máa tọ́jú ọmọ wa ọkùnrin lọ́sàn-án, torí ó ti lé ní oṣù mẹ́fà, ó sì ti tó ẹni tó ń fi oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ kún ọyàn. Ọmọ náà nìkan ni a kò bi.

Kò jẹun. Mo fún un ní ògì, ó tu ú sí mi láyà. Wàrà ọyàn tí ìyá rẹ̀ ń fún sínú ife kó tó jáde láàárọ̀, ó pa ẹnu dé sí i bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti fún lówó ẹ̀yìn. Mo gún ọ̀dùnkún, mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo se ẹyin. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó yíjú sí ògiri. Bí ìyá rẹ̀ bá wá ti iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á so mọ́ ọyàn, kò sì ní sọ ọ́ sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Wọn ò mọ ọmọ tèmi. Ọ̀sán ni tiẹ̀ fi ń sùn. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í sùn.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi sùn lọ sórí tábìlì níwájú àwọn tó ń kọ́ níwèé. Nígbà tó délé, kò sunkún, àìsunkún yẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

Ó ní, "Bí oṣù yìí bá fi parí tí ọmọ yìí ò tíì jẹun lọ́wọ́ ẹ, màá fiṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò lè torí iṣẹ́ febi pa ọmọ mi."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Màmá rẹ̀ náà sọ tiwọn lórí fóònù: "Ọkùnrin lẹ wá ní kó máa tọ́mọ? Kí ẹ wá máa retí kí ọmọ jẹun?" Mo kí wọn pé ẹ ṣé, mà. Àna ni wọ́n, kí ni n bá tún sọ?

Mo wá jókòó, mo ronú bí ọkùnrin. Mo ní kì í ṣe ọmọ yìí ló níṣòro, ìkòkò mi ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ ọbẹ̀ mi wò rí kò ní bá mi jiyàn. Ìlú yìí sì kún fún ìkòkò, láti etí ọ̀sà títí dé etí títì. Mo pinnu pé n ó máa gbé ọmọ mi láti ilé oúnjẹ kan dé òmíràn, títí a ó fi kan ọbẹ̀ tí yóò la ẹnu rẹ̀.

Ibi tó dára jù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà létí títì márosẹ̀, gíláàsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀, òtútù ibẹ̀ sì lè mú ènìyàn rántí pé òun ní eyín. Wọ́n ní àga gíga tí ọmọdé fi ń jẹun, inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo rí i pé páálí mínírà ló jókòó sórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní in lọ́kàn láti gbé e kúrò. Ọmọbìnrin kan gbé ìwé oúnjẹ fún mi, ìwé náà nípọn. Mo béèrè ọ̀dùnkún gígún.

"Ó ti tán, sà."

"Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ńkọ́?"

"Wọn ò sè é lónìí, sà."

"Kí lẹ wá ní?"

"Ìrẹsì àti adìẹ, sà."

Mo bi í pé kí wá ni ìwé wà fún. Ó ní ọ̀gá àwọn ló ní kí àwọn máa gbé e fún àlejò. Ìrẹsì náà dé, ata inú rẹ̀ lè jí òkú. Ọmọ mi gbójú wo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òtútù lókè, ó figbe ta. Ọkùnrin kan tó ń wo bọ́ọ̀lù yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Ọmọ náà yí tiẹ̀ sókè jù ú lọ. A jáde.

Lẹ́yìn èyí ni mo sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà tó wà ní òpópónà wa, abẹ́ páànù, bẹ́ǹṣì méjì, àwọn ọlọ́kadà ló kún ibẹ̀. Àyà ni mo gbé ọmọ sí, nínú àpò ìgbọ́mọ kan tí ọ̀rẹ́ wa fi ta wá lọ́rẹ. Màmá yìí wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ló ń gbọ́mọ síwájú báyìí, bí ẹni tó ń ṣọ́ báàgì lọ́jà? Ìyá rẹ̀ dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́, mà."

"Ibi iṣẹ́." Wọ́n yíjú sí àwọn oníbàárà wọn. "Ó ní ó wà níbi iṣẹ́ o."

Ọlọ́kadà kan gbé ṣíbí sílẹ̀, ó fọwọ́ bà mí léjìká. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ro ó jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi ṣe lọ. Ó lóun ń lọ síbi iṣẹ́."

Mo ní ìyàwó mi wà láyé, ó wà nílé mi, ó sì fẹ́ràn mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó wá ní kí màmá fi ẹja kan sórí ẹ̀wà mi, kó wà lọ́rùn òun. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, màmá ti tú okùn àpò náà lára mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ìró ara wọn pọn ọmọ náà sí mi lẹ́yìn níṣojú gbogbo ọlọ́kadà Ìbẹrẹkò. Wọ́n tún gbìyànjú láti fi ẹ̀wà sí i lẹ́nu. Kò gbà á. Ó sùn lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, mo di bàbá ọlọ́mọ tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀. Mo rò pé n ó fòpin sí i nígbà tó di Sátidé, mo mú ìyàwó mi lọ síbẹ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Màmá ẹlẹ́wà dìde, wọ́n gbá a mọ́ra. Wọ́n ní, "O ṣeun tó o padà wá, ọmọ mi. Ohun yòówù kó ṣe fún ẹ, forí jì í. Ó ti jìyà." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tó rẹ́rìn-ín lóṣù yẹn nìyẹn, nítorí náà mi ò bínú.

Ṣùgbọ́n ọmọ ò jẹun. Gbogbo àwọn tí wọn ò sì rí i bọ́ ló mọ ìdí rẹ̀. Onímọ́ínmọ́ín ní eyín ló ń bọ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní nítorí pé mo ń fún un ní ògì funfun ni, pupa ló yẹ. Ọkùnrin kan tó wá ra ẹyin lásán, tí a kò bi ní nǹkan kan, ní ó ṣeé ṣe kí orúkọ ọmọ náà má bá a lára mu. Bí ìmọ̀ràn bá ń yó ọmọ ni, ọmọ mi ìbá ti sanra tí kò ní lè jókòó.

Oṣù ń parí. Ìyàwó mi ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ rí i lọ́jọ́ Ajé. Mo mọ ohun tó fẹ́ bá a sọ, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀, a ò sì jọ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo pọn ọmọ, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di etí ọ̀sà láàárín ìlú. Obìnrin Ègùn kan wà níbẹ̀ tó ń ta ọkà àgbàdo funfun pẹ̀lú ẹja díndín àti ata lílọ̀. Ó ké sí mi láti ọ̀nà jíjìn: "Mì wá dù nú!" Bí wọ́n ṣe máa ń pe ènìyàn wá jẹun nìyẹn. Mo wá. Ó béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ, mo rò ó fún un. Nígbà yẹn ẹnu mi ti mọ́ ọn, bí ẹni tó ti ròyìn ní àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n máa ń bẹ ọmọ ni? Wọ́n máa ń rọ ọ́ ni. Gbé e wá."

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọmọ ti wà lórí itan rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dá ọmọ náà dùbúlẹ̀, orí rẹ̀ rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ó sì kó ọwọ́ jọ mọ́ ọn lẹ́nu bí ife. Àwa tí wọ́n bí nígbà tiwa mọ ọwọ́ yẹn. Wọ́n á da ẹ̀kọ mímu sínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi dí ọmọ lẹ́nu àti nímú, bó bá ti fẹ́ mí, ó di dandan kó gbé e mì. Gbogbo wa la máa ń sọ pé, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ àwa náà, kò sì pa wá. Àwọn tó pa kò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn.

Mo já ọmọ mi gbà. Mo pariwo pé ẹ má rọ ọ́, ohùn mi sì ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, ẹ̀rù ń bà á!"

"Bàbá tó di ìyá!"

Obìnrin náà ò tilẹ̀ bínú. Ó gbọn ìró rẹ̀, ó dìde. "Ó dáa. Gbé e dání. Kí ebi máa bá ẹ rọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gba abọ́ mi, mo kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, mo gbé ọmọ sórí itan, mo sì kọjú sí oúnjẹ. Ebi ń pa mí. Láti ọjọ́ tí mo ti di alágbàtọ́, mi ò jẹ oúnjẹ gbígbóná kan tán rí. Nílé, iwájú rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú ṣíbí, n ó máa wo ẹnu rẹ̀, n ó máa kọrin, n ó máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣíwọ́. Mi ò wò ó mọ́. Mò ń jẹun, mò ń ro ti ọjọ́ Ajé, inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ọwọ́ kékeré kan wọnú abọ́ mi.

Ó bu ọkà àgbàdo, ó gbé e lọ sẹ́nu, ìdajì wọ imú. Mo fẹ́ kígbe, mo pa á mọ́ra. Ẹnu mi ló ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹnu lọ, òun náà ń jẹnu láìní eyín. Ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn. Mo rọra yọ egungun ẹja, mo fi ẹran rẹ̀ tó rọ̀ sétí abọ́ bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, mo sì ń wo ọkọ̀ ojú omi. Ó jí i.

"Ó ń jẹun!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn mi, mo fi ojú bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́.

Obìnrin Ègùn yẹn ní ọwọ́ òun tó kan ẹnu rẹ̀ ló ṣí i. Oníbàárà kan ní ọkà àgbàdo ni, kò sí ọmọ tó ń kọ̀ ọ́. Ìyá ẹlẹ́wà, nígbà tí wọ́n gbọ́, ní ìró àwọn ni. Ọlọ́kadà ọ̀rẹ́ mi ní ìyàwó tó padà sílé ni. Àna mi ní àwọn ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ Ìsẹ́gun. Kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan nínú ìyìn náà, kí n má sì parọ́, ohun tí mo ṣe kò ju pé mo bínú, mo sì jẹun lọ.

Mi ò nu ẹnu ọmọ náà títí a fi délé. Mo fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí ẹ̀rí. Bó ṣe wọlé nírọ̀lẹ́, mo sọ ọ́ fún un, mo ṣe é fún un lójú, ọwọ́ kékeré, abọ́, ẹja. Mò ń retí kó jó. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gba ọmọ rẹ̀, ó tú bọ́tìnnì. Ọmọ náà mu díẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún fi sí i lẹ́nu, ọmọ yíjú kúrò, ó nawọ́ sí mi. Iwájú bùláòsì ìyàwó mi ti tutù fún wàrà.

Mo ní, "Ó ti yó ni," bí òmùgọ̀.

"Mo ti rí i." Ó dé bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo gbàdúrà kó jẹun. Mo tún gbàdúrà kó má jẹ. Mi ò mọ èyí tí Ọlọ́run máa gbọ́."

Kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ bàtà, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe ọmọ náà pé òun ń lọ o. Ọmọ náà wà lórí itan mi, ó ń bá mi jẹ ẹ̀kọ, kò gbójú sókè. Ó tún pè é. Oníkẹ̀kẹ́ tó ń dúró dè é ń fun fèrè níta, ìyàwó mi sì dúró síbẹ̀, ó ń retí ẹkún.