Ẹsẹ̀-Kì-í-Purọ́ àti Ogún Òbíríkítí

Kò sí ẹni tó ń fi orúkọ àbísọ pe pẹ́ńtà yìí mọ́. Ẹsẹ̀-Kì-í-Purọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà a sì máa dáhùn tayọ̀tayọ̀, àfi bí ẹni pé oyè ni. Orúkọ náà ò ṣàdédé wá. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tó ń bá àwọn awọnlẹ̀ gbé irinṣẹ́ kiri, ọ̀gá wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó fi ẹsẹ̀ wọn mítà mẹ́wàá kí àwọn rí i. Ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n na téèpù tẹ̀ lé e: mítà mẹ́wàá géérégé, kò lé, kò dín. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un ṣe, ibì kan náà ló ń bá a. Ọ̀gá ṣí fìlà, ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí kì í purọ́ o." Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ti kọjá lẹ́yìn ìyẹn báyìí, téèpù kankan ò sì wọ inú àpò iṣẹ́ rẹ̀ rí. Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́fà, okùn kan, ẹfun, àti àkísà tí ọ̀dà ti sọ di aláràbarà, ó tán. Ọrùn ìyàwó rẹ̀ ni téèpù wà. Aránṣọ ni ìyàwó, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí ọkọ fi ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n pín yàrá iwájú ilé wọn sí méjì: ẹ̀rọ ìránṣọ wà lápá fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, agolo ọ̀dà wà lápá ẹnu ọ̀nà nítorí òórùn. Àríyànjiyàn kan náà ni wọ́n sì ń ṣe lójoojúmọ́.

"Ìwọ tí o so okùn mọ́rùn bí ewúrẹ́," ọkọ á ní, "ìgbà wo lo máa já a?"

"Ìgbà tí àwọn oníbàárà mi bá di ògiri bíi tiyín," ìyàwó á fèsì. "Ògiri ò ní ìbàdí. Kò lè sọ pé aṣọ fún òun pinpin."

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí wọ́n ní kí oníkálukú máa bo imú, kó máa fọwọ́, kó sì fi mítà méjì jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀, Mátíròònù ilé ìlera ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀-Kì-í-Purọ́. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni.

"Bàbá, ogún òbíríkítí ni mo fẹ́ sí àgbàlá wa. Mítà méjì láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí àwọn tó ń tò mọ ibi tí wọ́n á dúró."

"Ẹ kà á sí ohun tó ti parí, Mátíròònù."

Ó gbé ìṣísẹ̀ méjì, ó fi ẹfun sàmì. Ó gbé méjì mìíràn, ó tún sàmì. Kí oòrùn tó wọ̀, ogún òbíríkítí aláwọ̀ ìyeyè ti tò lọ láti ẹnu géètì títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìlera, àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ funfun méjì sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń wá iṣẹ́ tí yóò mú òun gba ibẹ̀ kọjá. Látìgbà tó ti ń kọ àkọlé, ńṣe ni àwọn èèyàn kàn ń gbójú sókè wo iṣẹ́ rẹ̀. Èyí nìkan ni wọ́n dúró sínú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ayọ̀ náà fi wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó ń po ọ̀dà, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ kan tú òwú, ó ń fi ọwọ́ kejì wo fóònù. Ṣàdédé ni obìnrin náà ju òwú sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. 

"Kí ló dé?"

"Ẹ po ọ̀dà yín tán ná."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo ní kí ló dé?"

Tíṣà Fèrè ló gbé nǹkan sójú ewé àdúgbò lórí Fesibúùkù. Tíṣà Fèrè ni olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ìwé tó kọjú sí ilé ìlera. Fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Látìgbà tí àrùn ti dé ló ti ń jà lórí ayélujára pé ìbomú ò ṣe nǹkan kan, pé àwọn tó ń ta ọṣẹ ló ní kí gbogbo ayé máa fọwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti gbé téèpù ilé ìwé lọ sí àgbàlá ilé ìlera, ó nà án láàárín òbíríkítí méjì, ó sì yà á ní fọ́tò. Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wò ó fúnra yín! Àwọn tó ń pariwo mítà méjì gan-an ò gbà á gbọ́. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀!"

"Èsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti lé ní igba," ni ìyàwó wí.

"Kà á fún mi."

"Ẹnì kan ní: 'Mo dúró níbẹ̀ lánàá, mo ń gbọ́ bí ikùn ẹni tó wà níwájú mi ṣe ń kùn. Díẹ̀ ló kù kí n mọ ohun tó jẹ.'"

Pẹ́ńtà ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹlòmíì ní: 'Ẹ bá wa bi pẹ́ńtà bóyá mítà tirẹ̀ ń gbààwẹ̀ ni, ó ti rù jù.'"

"Ó tán?"

Ohùn ìyàwó lọ sílẹ̀. "Ẹnì kan ní: 'Èmi ti bọ́ ìbomú mi sọnù. Ìyá mi náà ò ní lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ajé mọ́. Ẹni tó lè purọ́ lórí ilẹ̀ gbalasa, kí ni kò ní purọ́ lé lórí nínú abẹ́rẹ́?' Àádọ́rin èèyàn ló ti gbè é lẹ́yìn."

Pẹ́ńtà gbé igi tó fi ń po ọ̀dà sílẹ̀. Kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, ìyẹn ò pa á lára. Ẹni tó bá ń gun àkàbà láàárín ìgboro ti mọ ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kí ìyá oníyàá kọ abẹ́rẹ́ nítorí ẹsẹ̀ òun! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin.

Kò pẹ́ tí Mátíròònù fi pè é lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Nínú téèpù tíṣà àti ẹsẹ̀ yín, èwo ló purọ́?"

"Téèpù ni," ó dáhùn kíákíá. "Téèpù máa ń nà, Mátíròònù. Ẹsẹ̀ kì í nà."

"Ó dáa. Lọ́la, ní agogo mẹ́wàá, ẹ wá wọ̀n ọ́n níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ya fídíò, kó yà á. Ọjọ́ Ajé ni àwọn àgbàlagbà máa gba abẹ́rẹ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n jókòó sílé nítorí ọ̀dà."

Nígbà tó di ọ̀sán, tí ìyàwó gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, pẹ́ńtà dá wà nínú yàrá. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mú téèpù kan tí ìyàwó rẹ̀ fi pa mọ́ síbẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì gbé ìṣísẹ̀ kan.

Sẹ̀ǹtímítà méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Ó padà sẹ́yìn, ó tún un gbé. Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó ya ẹsẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi ké, ó dé àádọ́rùn-ún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá agolo ọ̀dà wólẹ̀. Ibi tó ti di ara rẹ̀ mú mọ́ àga ni ìyàwó ti wọlé.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́ rẹ kan ló já bọ́," ó ní, ó sì ki téèpù bọ àpò. Ìdajì rẹ̀ yọ síta, ó ń fì sẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù.

Ìyàwó wo ìrù náà. Ó gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò rọrùn fún un. Ó jókòó sórí àga rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín láàárín ọdún mẹ́wàá yìí," ó rọra wí. "Ṣé aṣọ lẹ rò pé ó ń dàgbà ni?"

Pẹ́ńtà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n ti ń gbé e kiri, kò sì bi wọ́n léèrè rí bóyá ó rẹ̀ wọ́n.

"O mọ̀, o ò sì sọ?"

"Èwo ni kí n sọ? Ẹ̀yin lẹ ní ẹsẹ̀ kì í purọ́. Mo ní kí ẹsẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Pẹ́ńtà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Lójijì ni ọkọ dá ẹ̀rín dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Pápá eré ìje ilé ìwé! Èmi ni mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lọ́dún tó kọjá."

Ẹnu ìyàwó là sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn pápá yẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mẹ́rin ló yára sá mítà ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo ju bí ẹnikẹ́ni ti sá a rí nílé ìwé náà. Tíṣà Fèrè fò sókè, ó gba ìyìn, ó tún ní kí pẹ́ńtà kọ orúkọ àwọn ọmọ náà, àti ti òun tíṣà lókè wọn, sára ògiri.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sójú ewé báyìí," ni ìyàwó wí, ó ti ń wá fóònù. "Ẹ jẹ́ kí tíṣà náà jẹ nínú ẹ̀sín yìí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ pẹ́ńtà lọ́kàn, irọ́ kọ́.  Ṣùgbọ́n ó mi orí. "Ẹni tó ṣubú kì í torí pé ẹlòmíì fẹ́ ṣubú gbàgbé láti dìde. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi."

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá ọjọ́ Sátidé, àgbàlá ilé ìlera kún. Àwọn kan wọ ìbomú dáadáa, àwọn kan fi tiwọn bo àgbọ̀n, àwọn kan ò wọ̀ ọ́ rárá. Tíṣà Fèrè ló dúró níwájú pátápátá, téèpù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù wà lọ́wọ́ òsì, ó ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde tààrà sójú ewé àdúgbò.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, bàbá náà ti dé o! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ àwáwí!"

 Pẹ́ńtà wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Kò sí àwáwí," ó ní. "Tíṣà, téèpù yín ò purọ́. Ẹsẹ̀ mi ló ti darúgbó, mi ò sì mọ̀."

 Ẹnì kan kọ́kọ́ pa ẹ̀rín, gbogbo wọn wá bú sẹ́rìn-ín. Pẹ́ńtà dúró kí wọ́n rín in tán.

"Èmi ni mo ṣìṣe. Mítà méjì ò ṣìṣe. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó bá tìtorí mi bọ́ ìbomú rẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó wọ̀ ọ́ padà. Ẹni tó bá sì tìtorí mi ní kí ìyá òun má wá lọ́jọ́ Ajé, mo bẹ̀ ẹ́. Lónìí ni màá tún gbogbo rẹ̀ kùn." Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, fún mi ní téèpù."

Ìyàwó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ rí i! Ẹ rí i!" Tíṣà Fèrè ń pariwo sínú fóònù. "Ó ti jẹ́wọ́! Ta ló mọ ohun tó tún fẹsẹ̀ wọ̀n!"

Pẹ́ńtà sún mọ́ ọn díẹ̀. "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ẹ̀gbẹ́ kan kẹ̀? Ẹ sọ ọ́ níbí! Gbogbo ayé ló ń wò wá."

"Tíṣà, mo bẹ̀ yín."

"Ẹ sọ ọ́!"

"Ó dáa. Pápá eré ìje yín ni."

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ tíṣà. Ó wo pápá tó wà ní òdìkejì títì, ó wo téèpù ọwọ́ rẹ̀.

"Mítà mélòó?" Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún."

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mátíròònù pàápàá, tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Lójú ewé àdúgbò, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: "Àwọn ọmọ wa ò yára, òpin pápá ló wá pàdé wọn." Òmíràn ní: "Tíṣà, ṣé irọ́ ni mítà náà ni, àbí òótọ́? Ẹ yan ọ̀kan."

Tíṣà Fèrè pa fóònù. Gbogbo èèyàn rò pé yóò lọ ni. Ó dúró, ó ń fi bàtà ta òkúta kékeré kan. Nígbà tó yá, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ńtà tó ti kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì di orí kejì téèpù náà mú.

"Ẹ fà á kó le, Bàbá," ó ní. "Ó ń dẹ̀ lọ́dọ̀ yín."

Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ogún òbíríkítí ni wọ́n jọ wọ̀n. Kì í ṣe gbogbo ayé ló yí ọkàn padà. Lójú ewé, àwọn kan ní wọ́n ti fún pẹ́ńtà lówó kó tó jẹ́wọ́, ẹnì kan tilẹ̀ ní ìyàwó rẹ̀ ló fi téèpù dè é.

Lọ́jọ́ Ajé, pẹ́ńtà dúró lẹ́bàá géètì láàárọ̀ kùtù, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ha ọ̀dà kúrò lára irin. Ogún òbíríkítí kún, àwọn èèyàn tún tò kọjá géètì. Obìnrin kan tó wọ ìbomú wá bá a.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ̀yin ni pẹ́ńtà? Èmi ni mo kọ ọ́ pé ìyá mi ò ní wá."

Pẹ́ńtà dá ọ̀dà híha dúró. "Ìyá náà ńkọ́?"

Obìnrin náà nawọ́ sí òbíríkítí keje. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, ó gbára lé ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí àtẹ́lẹsẹ̀ funfun géérégé. Ó ti ń wo pẹ́ńtà tipẹ́.

"Ìwọ Ẹsẹ̀-Kì-í-Purọ́," ìyá náà ké sí i, "ìṣísẹ̀ mi márùn-ún ni mo fi ń dé òbíríkítí kan báyìí. Èyí tó o kọ́kọ́ kùn, mẹ́rin ni. O ò ṣàánú àgbà!"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," pẹ́ńtà dáhùn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Téèpù ni kò ṣàánú. Ẹsẹ̀ tèmi mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín."