Káńfọ̀ Tí Mo Jẹ Nínú Oyún

Nígbà tí oyún mi pé oṣù mẹ́fà, káńfọ̀ ló ń wù mí jẹ. Kì í ṣe ọsàn, kì í ṣe ẹja yíyan. Káńfọ̀ funfun roboto tí a ń fi sáàárín aṣọ nítorí aáyán. Mo kọ́kọ́ ń gbóòórùn rẹ̀ lásán. Nígbà tó yá, mo ń lá a, mo sì ń gé e jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti ń rà á ní Kétu, kí ìkankan nínú wọn má baà fura. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì. Mo ń sọ fún ara mi pé ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ìtọ̀ mi dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì. Nígbà tó fi di Mọ́ńdè, ẹyinjú mi ti pọ́n, mi ò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọ́jú mi, ní ibà pọ́njú ni. Wọ́n se àgbo, mo mu ife kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo dákú sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan ní ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tó ń dáàbò bò ó bí nǹkan líle bá wọ ara. Ó jọ pé tèmi kéré láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Nǹkan kan tí mo jẹ tàbí tí mo mu ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ mi, bí a ò bá sì mọ̀ ọ́n ká dá a dúró, ọmọ inú mi lè kú. Ó bi mí pé kí ni mo ti ń jẹ.

Kí n tó lanu, ọkọ mi ti kọjú sí ìyá rẹ̀. "Mummy, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má fún un lágbo."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewé àti egbò inú àgbo náà fún dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa kà á lọ. Káńfọ̀ méjì wà nínú báàgì mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú sì ń tì mí ju bí ẹ̀rù ikú ṣe ń bà mí lọ. Mi ò tíì dárí ìyẹn ji ara mi.

Dókítà gbé ẹ̀rọ lé ikùn mi, ó ń wá bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó wá a títí. Nígbà tó gbọ́ ọ, kò rẹ́rìn-ín.

"Madam, mo tún ń bi yín. Ṣé kò sí nǹkan míì?"

"Káńfọ̀ ni," ni mo wí. "Mo ń jẹ káńfọ̀."

Àwọn nọ́ọ̀sì gba báàgì lọ́wọ́ mi, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Ní ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ mi mọ́, ọmọ sì ń ta nípàá nínú mi. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Èmi náà bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó ti tán, wọ́n bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ń bá mi nu ara. Ìgbà tí wọ́n nù mí dé ẹ̀yìn, tí mi ò rí ojú wọn, ni wọ́n rọra bèèrè pé, "Ká ní dókítà ò bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?"