Ẹ Pín Ẹrù Ọdẹ́jọbí Tán, Ẹ Wá Kọ Ìpà Rẹ̀

Ọdẹ́jọbí kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí gbogbo Ṣakí ló ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ. Ọ̀sẹ̀ tí àgbàdo tuntun dé ọjà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ igbó lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, láìsí ìjálá, láìsí ìró ìbọn kankan. Wọ́n yára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ fi délé kí ọbẹ̀ wọn tó tutù. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín níhìn-ín, ewúrẹ́ tó wà ní Ìgbẹ́tì á gbójú sókè, òun ni wọ́n sin bí ẹni bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọdẹ tó ga bí igi àràbà, tí irọ́ rẹ̀ sì tún ga jù ú lọ. Nígbà tí ìjọba kó àwọn ọkùnrin lọ ru ẹrù ogun ní Kamẹrúùnù, wọ́n kó o mọ́ wọn. Ó gbé ọgbẹ́ ìbọn bọ̀ nínú itan, ó sì gbé ìtàn bọ̀ lẹ́nu. Ó ní ẹ̀fọn ibẹ̀ ń wọ bàtà. Ó ní òun ru àpótí ọ̀gá kan tó wúwo débi pé nígbà tí òun sọ ọ́ kalẹ̀, odò kan yí ọ̀nà padà. Ìhà gbogbo wa á máa dùn wá fún ẹ̀rín, òun á kàn máa wò wá bí àlùfáà.

Ajá rẹ̀ ń jẹ́ Kòkànẹ́. Festus, tó ń ta oògùn òyìnbó lẹ́bàá ọjà, tó sì ń jẹ́ kí a máa pe òun ní dókítà, bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Kí lajá yìí ń jẹ́?"

"Kòkànẹ́."

"Èmi lo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

"Orúkọ ajá ni mo sọ fún yín, Dókítà. Ẹ pè é, á dáhùn."

Festus pè é. Ajá náà dáhùn, ó wá, ó sì tọ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n itan náà kò jinná. Àwọn oníṣègùn ogun ti fún un ní ópíọ̀mù, oje òdòdó ilẹ̀ òkèèrè kan, kí ìrora má baà pa á lójú ọ̀nà. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ìgbà tó délé tán, irú oògùn náà wà nínú ìgò ní ìsọ̀ Festus. Ẹ̀kán díẹ̀ láàárọ̀ di ẹ̀kán díẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì di pé ó ń gbé odindi ìgò dà sẹ́nu. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń gbé ẹran ìgbẹ́ lọ fún Festus kí ìgò má baà gbẹ: ẹ̀tù, ọ̀yà, àgbọ̀nrín. Mo gbà pé Festus ti jẹ odindi igbó kan tán. Ta ló bi í ohun tó wà nínú ìgò?

Ẹ̀rín ọkùnrin náà kúrú, ó sì tán. Ó di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ojú kan. Àwọn àgbà ní ara rẹ̀ ti balẹ̀. Dúróríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó lọ bá Festus.

"Ọkọ mi ní ayé ti sú òun."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ ni."

Lóòótọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Ọdẹ́jọbí wá ń bá ènìyàn jà nítorí ìgò, Festus já a gbà lójijì, ó ní kó lọ ṣe ọkùnrin. Ọdẹ́jọbí gbọ̀n, ó làágùn, oorun kọ̀ ọ́. Ta ló bá a jókòó? Ìgbà yẹn ló ránṣẹ́ pe àwọn ọdẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀. Àpò fún eléyìí, ẹ̀wù ọdẹ fún tọ̀hún. Ó fún Baba Ìyápọ̀, Olúọdẹ wa, ní ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ àti ajá.

"Ọdẹ́jọbí, ṣé o fẹ́ di pásítọ̀ ni?" Baba Ìyápọ̀ ló ń bi í, ìbọn ti wà léjìká rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yìí ò lè wọ igbó mọ́, Bàbá. Ẹ máa bá mi lò ó."

"Kò burú. Wàá máa wá jẹ nínú ẹran rẹ̀."

Wọ́n mu ẹmu, wọ́n jó. Dúróríkẹ́ nìkan ló di ẹ̀wù náà mú, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Àpọ́nlé, ta ló kú tí ẹ ń pín ẹrù rẹ̀?" Wọ́n ní obìnrin ò mọ nǹkan ọdẹ.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ dá mi lóhùn. Ìgbà wo là ń pín ìbọn ọdẹ? Ọmọ tí kò tíì lè pa aláǹgbá mọ̀ pé ọjọ́ ìpà ni, nígbà tí ẹ bá ń yọ òkú ọdẹ kúrò nínú ẹgbẹ́, tí ẹ ń sun ìrèmọ̀jé fún un. Ọkùnrin náà jókòó síwájú yín, ó ń ṣe ìpà ara rẹ̀. Ó sọ fún yín lọ́nà tí ẹ̀yin gan-an yẹ kí ẹ fi mọ̀. Ẹ gbé ẹrù, ẹ jó lọ sílé.

Ó wá kú, ẹ ní ìpà kò tọ́ sí i. Ẹ ní irú ikú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan nínú yín mọ́. Bí ejò bá bu ọdẹ ṣán, ṣé òkú lẹ ń bínú sí ni, àbí ejò? Ejò tèyí wà nínú ìgò, ẹran ìgbẹ́ yín lẹ sì fi bọ́ ọ.

Kí Festus jáde sójú ọjà, kó sọ ohun tó ń tà fún wa, kó sọ ìdí tó fi ń rọ ọ́ fún un bí omi, tó tún já a gbà bí ẹni já ewé. Olúfẹ́mi tí wọ́n jọ ru ẹrù ogun wà ní Okaka, irú ìgò náà ló ń mu. Kí ẹnikẹ́ni má já tiẹ̀ gbà lójijì. Kí oníṣègùn tòótọ́ máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ènìyàn sì máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ fi ẹrù òun tọrẹ, ẹ má nawọ́ gbà á. Ẹ jókòó, kí ẹ bi í ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Mo pàdé Baba Ìyápọ̀ lọ́nà oko. Mo dọ̀bálẹ̀ dáadáa kí n tó bi í pé, "Bàbá, ọwọ́ alààyè lẹ ti gba ìbọn yìí ni, àbí ọwọ́ òkú?"

"Ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú ju àdá lọ. Lọ sílé ìwé."

Mo ti lọ. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi kọ èyí. Ẹ ṣe ìpà Ọdẹ́jọbí kí àgbàdo tó gbẹ lóko, kí ìbọn yẹn gan-an dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. Bí ẹ kò bá ní ṣe é, ẹ kó gbogbo ẹrù rẹ̀ padà fún Dúróríkẹ́, láti orí ìbọn dórí ajá. Ẹ kò lè máa jẹ ogún ọkùnrin tí ẹ ní kì í ṣe tiyín.