Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Gbàdúrà Sí

Bí mo bá ti fọwọ́ kan yìnyín, ọdún tí mo fi jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìlúpéjú ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Ẹ̀rù máa ń bà mí nígbà náà: ẹ̀rù ọ̀gá, ẹ̀rù pé ìgò á bọ́ lọ́wọ́ mi, àní ojú tilẹ̀ máa ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí.

A máa ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí a ti fi aró aláwọ̀ ewé sàmì sí. Nínú yìnyín, oògùn náà á kàn lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì funfun ni. Bí a bá gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, sẹ́ẹ̀lì tó bá lágbára á gbé e mì. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kò bá gbé e mì, oògùn kò lè pa á. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ le la fi ń wé ti aláìsàn. Lọ́jọ́ náà, tèmi ni.

Ẹni tó ni ìgò kejì ni ìyá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì, tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bá jà. Wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n de bọ́tìnnì mi, pé ọmọ ìjọba kì í ṣí àyà sílẹ̀. Ohùn wọn jọ ti ìyá mi débi pé àánú wọn ṣe mí. Nígbà tí mo dé ìdí tábìlì, mo yọ ìgò wọn kúrò nínú yìnyín, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú, mo dijú, mo gbàdúrà. Mo tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí èmi fúnra mi ń wá kún un.

Nígbà tí a wo maikirosikóòpù, sẹ́ẹ̀lì ìyá náà ti gbé oògùn mì ju tèmi lọ. Mo gbà pé Ọlọ́run ti dáhùn. Ọ̀gá wa, obìnrin Ìjẹ̀bú tí kì í pariwo, ní àwọn kò rí irú èyí rí, ṣùgbọ́n wọ́n mú bírò láti buwọ́ lu èsì, nítorí dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn náà lọ́jọ́ kejì. Ìgbà yẹn ni mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ooru ara mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí a tó ka ìṣẹ́jú kankan.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè lé mi. Bí mo bá dákẹ́, ìyá yìí á máa gba oògùn tó ṣeé ṣe kó má ṣiṣẹ́ fún wọn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ìyá yìí kò ní ogún ọdún láti dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má buwọ́ lù ú. Mo di ìgò yẹn mọ́wọ́, mo ń gbàdúrà sí i.”

Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀. “Ṣé àdúrà oúnjẹ ni àbí ti ìṣọ́ òru?”

“Ti ìṣọ́ òru ni, mà.”

Wọ́n fa ìwé èsì ya, wọ́n ní kí èmi fúnra mi lọ sọ fún ìyá náà pé a óò tún gba ẹ̀jẹ̀. Mo sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Ìyá náà ká apá aṣọ wọn sókè. “Gbà á, ọmọ mi. Èmi á gbàdúrà, ìwọ ṣiṣẹ́.”

Lẹ́ẹ̀kejì, sẹ́ẹ̀lì tèmi gbé oògùn mì. Ti ìyá náà kò gbé e mì. Àwọ̀ ewé náà dúró yí wọn ká bí òrùka. Dókítà yan oògùn mìíràn.

Mo kúrò níbẹ̀ kí n tó gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá náà já sí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Mo ṣì máa ń gbàdúrà sí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo máa ń ká ọwọ́ méjèèjì sí.